Wing foil fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́ wing ná, kí ẹ tó máa ronú fífò

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mélòó ni màá lò kí n tó máa fò?" Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ara mi lórí omi Poole, ìlú etí òkun kan ní England, síta, ìbéèrè yìí ló ń wọlé jù. Ìdáhùn mi kì í yí padà. Bó bá jẹ́ kí ẹ kúnlẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù kí afẹ́fẹ́ máa gbé yín lọ, ọ̀sán kan lè tó. Bó bá jẹ́ kí bọ́ọ̀dù kúrò lójú omi pátápátá, ẹ fọkàn sí i pé ẹ máa lọ sómi nígbà márùn-ún sí mẹ́wàá. Èmi gan-an, ìgbà kẹsàn-án ni mo tó fò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni, lẹ́yìn náà mo já sómi bí àpò gàrí.

Fún ẹni tí kò rí i rí: wing ni nǹkan ńlá bí apá ẹyẹ tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń dì í mú, kò sì so mọ́ bọ́ọ̀dù rárá. Foil ni ohun tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù: òpó kan, ìyẹ́ ńlá níwájú, ìyẹ́ kékeré lẹ́yìn, àti ọ̀pá tó so ìyẹ́ méjèèjì pọ̀. Bí eré bá ti tó, ìyẹ́ abẹ́ omi yẹn á gbé bọ́ọ̀dù àti ẹni tó wà lórí rẹ̀ sókè, bí ìyẹ́ bàálù ṣe ń gbé bàálù.

Gúúsù England ni mo ti kọ́ ọ, ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ mi ti wá. Ẹ̀yin ará Èkó àti Kùtọnu, tiyín wà nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ṣé ẹ mọ omi wẹ̀? Mi ò fi ṣeré o. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n fi "má dé etí odò" tọ́ dàgbà, a wá dé Ìlú Ọba, a rò pé ẹ̀wù amúniléfòó á wẹ̀ fún wa. Kò lè wẹ̀ fún yín. Bí ẹ kò bá lè wẹ̀ tó mítà 50 nínú omi tí ẹsẹ̀ yín kò kanlẹ̀, tí àyà kò sì já yín nígbà tí omi bá bò yín lójú, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi ìwẹ̀ àdúgbò yín. Wọ́n máa ń kọ́ àgbàlagbà níbẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Wing foil ò sá lọ.

Ẹ sanwó olùkọ́ kí ẹ tó sanwó ohun èlò. Ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní wing lábẹ́ ìlànà RYA (ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Britain) tàbí irú rẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀kọ́ ìdajì ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Wọ́n á yá yín ní bọ́ọ̀dù, wing, akoto, gbogbo ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé èmi kọ̀, mo kọ́kọ́ ra bọ́ọ̀dù. Tòkunbọ̀ ni, lítà 85 (lítà la fi ń mọ bí bọ́ọ̀dù ṣe lè gbé èèyàn léfòó tó), èmi sì rèé, kílò 84. Ẹni tó tà á fún mi ní "wàá mọ́ ọn lára." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gun bọ́ọ̀dù yẹn tó ń rì lábẹ́ mi, mi ò tilẹ̀ lè kúnlẹ̀ lórí ẹ̀ débi tí màá dìde. Mo padà tà á lówó pọ́ọ́kú.

## Ohun èlò, àti ìwọ̀n tó bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mu

- Bọ́ọ̀dù: ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kílò, ẹ fi 40 kún un, lítà tó yẹ yín nìyẹn. Kílò 80, lítà 120. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa yín lọ́kàn dà. Bọ́ọ̀dù tó tóbi kì í dójú ti ẹnikẹ́ni. Èyí tó kéré ló máa ń dójú tini.
- Wing: ẹni kílò 75 sí 85, 5 m² ni kó mú fún afẹ́fẹ́ knots (ìwọ̀n eré afẹ́fẹ́) 15 sí 20. Ẹni tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀, 4 m². Ẹni tó kọjá kílò 90, 6 m².
- Foil: kí ìyẹ́ iwájú fẹ̀, láti 1,500 sí 2,000 cm². Èyí tó fẹ̀ máa ń tètè gbéra, kì í sì í sáré jù. Kí òpó rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ntímítà 60 sí 75. Òpó gígùn ń bọ̀ wá, ẹ ṣe sùúrù.
- Okùn méjì: ọ̀kan láti wing sí ọrùn ọwọ́ tàbí ìbàdí, ọ̀kan láti bọ́ọ̀dù sí ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí.
- Ohun ìdáàbòbò: akoto, ẹ̀wù amúniléfòó tó nípọn láyà, bàtà rọ́bà, àti wetsuit, ẹ̀wù rọ́bà tó ń gbani lọ́wọ́ òtútù omi. Ní England, mílímítà 5 nígbà òtútù, 3 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú oṣù Kẹta, bí oòrùn bá tilẹ̀ ń ràn, omi ṣì lè wà ní nǹkan bíi 8°C, ìyẹn á sì gba èémí lẹ́nu yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dirun: ẹ wọ akoto wò *lẹ́yìn* tí ẹ bá ti dirun, kì í ṣe kí ẹ tó dì í. Akoto tó bá orí yín mu nígbà tí ẹ kò tíì dirun á jókòó sókè orí bí fìlà abetí ajá bí ẹ bá ti ki àfikún sí i. Ní ọjọ́ tí ẹ bá sì forí gbá bọ́ọ̀dù, ibi tí kò bò ni á gbá.

Tuntun gbogbo wọn lápapọ̀ lè kọjá £2,000. Tòkunbọ̀ dára, bí ẹ bá yẹ nǹkan mẹ́rin wò: ẹ fẹ́ wing kó le, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ wò ó bóyá ó rọ̀, ẹ tẹ ojú bọ́ọ̀dù ní ibi tí òpó ń wọ̀ sí, bóyá ó ń wọnú, ẹ tú gbogbo sukúrúù, bóyá ọ̀kan ti wọra, ẹ fi èékánná wá ibi tó ti sán lára ìyẹ́ foil.

## Yíyan ọjọ́, yíyan ibi

Knots 12 sí 18, tí kì í ṣàdédé le sí i, ni afẹ́fẹ́ ẹni tó ń kọ́. Ẹ lè wò ó lórí áàpù ojú ọjọ́ bíi Windguru tàbí Windy, ṣùgbọ́n ẹ wo omi pẹ̀lú. Nígbà tí ìfóòfó funfun bá ti ń yọ káàkiri lórí ìgbì, ó ti tó nǹkan bíi 12 nìyẹn. Bí áàpù bá kọ 14, tó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó lè ṣàdédé le dé 28, ẹ fi ọjọ́ yẹn jẹ ìrẹsì nílé.

Ìhà tí afẹ́fẹ́ ń gbà ṣe pàtàkì ju bó ṣe le tó lọ. Ẹ dúró létí omi, ẹ kọjú sí omi:

- Bó bá ń fẹ́ yín lẹ́yìn ọrùn, ẹ má wọlé. Ojú òkun ló ń gbé nǹkan lọ. Létí ilẹ̀ omi á dà bíi díńgí, ó á máa tàn yín. Ní igba mítà síta, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.
- Bó bá ń gba èjìká kan lọ sí èkejì, ó dára jù.
- Bó bá ń lù yín lójú tààrà, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó á máa tì yín padà sínú omi tí kò jìn, foil á sì máa gún ilẹ̀.

Èyí mú wa dórí jíjìn omi. Òpó sẹ̀ntímítà 70 nílò omi tó ju mítà kan lọ kó tó lè rìn. Ní Poole, etí omi Whitley Lake lẹ́bàá Sandbanks ni àwọn tó ń kọ́ windsurf (bọ́ọ̀dù onígbòkun) fẹ́ràn, nítorí pé èèyàn lè dúró nínú omi lọ jìnnà. Ohun tó dára fún wọn yẹn ni tàkúté fún wa. Bí omi bá ti fà, orúnkún ló kù. Mo ń lọ jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kan, foil gún yanrìn, bọ́ọ̀dù dúró, èmi ò dúró. Àgbọ̀n mi ló kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ẹ wo tábìlì kíkún àti fífà omi kí ẹ tó gbéra nílé, ẹ wọlé nígbà tí omi ń kún tàbí tó ti kún, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ibẹ̀ nípa òfin ibẹ̀ àti ibi tí ilẹ̀ ti ga lábẹ́ omi.

## Ìpele kìíní: orí koríko (wákàtí kan)

1. Ẹ so okùn wing mọ́ ara yín tàbí mọ́ pọ́ǹpù kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Mo ti rí wing tó sáré la ibi ìgbọ́kọ̀sí já, tí olówó rẹ̀ ń lé e bí ẹni ń lé adìyẹ ọdún.
2. Ẹ tẹ́ ẹ kí etí rẹ̀ tó nípọn kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ẹ fẹ́ ẹ dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀. Psi 6 sí 8 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi ìka ta á. Ó yẹ kó dún bí awọ gángan. Bó bá ń dún bí ìrọ̀rí, ẹ máa fẹ́ ẹ lọ.
3. Ẹ di ọwọ́ kékeré tó wà létí iwájú mú, èyí nìkan, kí wing máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Kò lágbára kankan báyìí. Ẹ mọ ibi ìsinmi yìí dáadáa, nítorí pé ohunkóhun tó bá ń dà rú lórí omi, ibí lẹ máa padà sí.
4. Ẹ gbé e lé òkè orí, ọwọ́ kan síwájú, ọwọ́ kejì sẹ́yìn.
5. Ẹ fa ọwọ́ ẹ̀yìn mọ́ra díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń fà yín. Ẹ tú u, ó á rọ̀. Ọwọ́ iwájú lẹ fi ń darí. Ọwọ́ ẹ̀yìn lẹ fi ń tẹná.
6. Ẹ rìn ogún ìṣísẹ̀ lọ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ lókè orí, ẹ rìn padà. Ẹ ṣe é títí ẹ ò fi ní wo ọwọ́ yín mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ṣónṣó ìsàlẹ̀ wing kan koríko. Tó bá ń kan koríko, ó á kan omi, tó bá sì kan omi, ẹ ti ṣubú nìyẹn.

## Ìpele kejì: bọ́ọ̀dù ńlá tí kò ní foil

Gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ fo ibí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Tí mo bá rí ẹni tó ti ń gbìyànjú láti fò fún oṣù mẹ́ta tí kò yọrí, mo máa ń bi í léèrè bóyá ó lo ọjọ́ kan pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tí kò ní foil. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé "rárá" ni ìdáhùn nígbà gbogbo. Foil máa ń da ẹsẹ̀ rú, wing máa ń da ọwọ́ rú; bí ẹ bá kó méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan, orí ò ní mọ èyí tí yóò bá wí.

Bọ́ọ̀dù SUP, èyí tí èèyàn ń dúró lórí rẹ̀ fi àjẹ̀ wà, tó ní ìyẹ́ ìdarí lábẹ́ àárín rẹ̀ dára jù. Tí kò bá ní in, ó á máa yọ̀ lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ.

1. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé wing, ẹ lọ bíi mítà 50, ẹ yí, ẹ padà.
2. Ẹ dìde, ẹ ṣe bákan náà. Ẹsẹ̀ méjèèjì sí àárín bọ́ọ̀dù, orúnkún rọ̀, ojú síwájú.
3. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kò ṣeé lọ tààrà. Wọ́gọwọ̀gọ lẹ máa gbà: ẹ darí imú bọ́ọ̀dù síhà ibẹ̀ díẹ̀, ẹ rọra fi wing sẹ́yìn, ẹ bojú wo orí èjìká ibi tí ẹ ń lọ, lẹ́yìn náà ẹ yí, ẹ gba ìhà kejì.

Ìdánwò tó wà fún ìpele yìí ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́ etí omi níbi tí ẹ ti wọlé. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣé ẹ lè jáde ní ibi ọ̀pá yẹn láì fẹsẹ̀ rìn? Bó bá jẹ́ rárá, ìpele kejì lẹ ṣì wà. Nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀ ni mo fi bọ́ọ̀dù lérí rìn padà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, àwọn ajá ń gbó mi lójú ọ̀nà.

## Ìpele kẹta: ìkúnlẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù foil

1. Ẹ de sukúrúù foil le dáadáa, ẹ gbá òpó rẹ̀ mú, ẹ mì í. Ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ kí nǹkan máa ró.
2. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ, bọ́ọ̀dù wà níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, wing níhà kejì, foil kò kọjú sí wing bẹ́ẹ̀ ni kò kọjú sí ara yín. Ìyẹ́ foil máa ń ya wing bí ọ̀bẹ ṣe ń ya ewé ẹ̀kọ.
3. Ẹ rìn wọlé títí omi fi dé ìgbáyà, kí ẹ tó yí bọ́ọ̀dù kí foil wà nísàlẹ̀.
4. Ẹ dá bọ́ọ̀dù bú afẹ́fẹ́. Kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ yín lẹ́yìn, kí wing wà níwájú yín lójú omi. Ẹ gùn ún, ẹ kúnlẹ̀ sí àárín, orúnkún ya díẹ̀.
5. Ẹ gbá ọwọ́ iwájú wing mú, ẹ gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ mú ọwọ́ ẹ̀yìn, ẹ rọra tẹná.

Ọjọ́ kìíní, kí ẹ tó lọ ibì kankan, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ jù ara yín sí ibi tó jìnnà sí bọ́ọ̀dù, pẹrẹsẹ, bí ẹni ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi orí lọ, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ẹ má di bọ́ọ̀dù mọ́ra nígbà tí ó bá ń dojú dé, nítorí foil ń bọ̀ lókè nígbà náà. Bí ẹ bá ń jáde nínú omi, kí ọwọ́ ṣáájú orí.

## Ìpele kẹrin: ìdìde

Eré ló ń gbé èèyàn dúró. Ẹni tó bá fẹ́ dìde nígbà tí bọ́ọ̀dù dúró sójú kan dà bí ẹni tó fẹ́ dúró lórí kẹ̀kẹ́ tí kò rìn. Ẹ jẹ́ kí wing kọ́kọ́ fà yín, kí ẹ gbọ́ omi tó ń ṣán imú bọ́ọ̀dù, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ iwájú sí àárín, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá tẹ̀ lé e. Àwọn olùkọ́ kan ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kó ṣáájú. Ẹ wò èyí tó bá orúnkún yín mu. Ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò lé ni pé ẹ ò gbọdọ̀ tú agbára wing sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń dìde. Ẹ fi ara rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni di irin òkè bọ́ọ̀sì mú.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sórí ibi tí òpó wà, tàbí kó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú, ìwọ̀n èjìká síwájú rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lórí ìlà àárín gan-an.

## Ìpele karùn-ún: fífò

1. Ẹ yí imú bọ́ọ̀dù díẹ̀ síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí eré pọ̀ sí i.
2. Ẹ mi wing wọlé-jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ ńlá fẹ́ ọba. Kí orúnkún bá a mu.
3. Ẹ fi ìwúwo díẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. *Díẹ̀.*
4. Bí bọ́ọ̀dù bá ti ń gbéra, ẹ tẹ̀ síwájú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ara ò ní fẹ́, nítorí pé ẹ̀rù ń sọ fún un pé kó fà sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ síwájú ṣá.
5. Ẹ fò ní ìsàlẹ̀, ìwọ̀n ọwọ́ kan sókè omi. Bó bá ga jù, ìyẹ́ foil á yọ sójú omi, agbára rẹ̀ á tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì dojú dé.
6. Ojú sí etí òdìkejì. Ẹ má wo ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin á mọ ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ojú lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, etí ni. Omi tó ti ń pariwo lábẹ́ bọ́ọ̀dù láti àárọ̀, pá-pá-pá, á dákẹ́ lójijì. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù nígbà tèmi. Mo rò pé nǹkan já. Mo bojú wolẹ̀ láti wò ó, ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Láti sọ̀kalẹ̀, ẹ rọra tú ọwọ́ ẹ̀yìn, ẹ fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ bọ́ọ̀dù padà sómi, ẹ tún fò. Sísọ̀kalẹ̀ àti fífò padà yìí, ìgbà ogún, wúlò ju fífò gígùn kan lọ. Yíyí nígbà tí ẹ ṣì ń fò kò kàn yín báyìí. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ yí.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

Bọ́ọ̀dù ń fò sókè bí ẹṣin tó ń jàjà, ó sì ń jábọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti wúwo jù tàbí ó ti sún sẹ́yìn jù. Ẹ fà á síwájú bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Tí kò bá yí padà, ẹ sún òpó foil sẹ́yìn díẹ̀ nínú ojú ihò rẹ̀.

Kò gbéra rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ ni kò tó, tàbí wing kò le tó. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ wo psi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún.

Apá ń ro mí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ń di ọwọ́ wing mú bí ẹni di olè mú. Ẹ tú ìka. Kí apá iwájú nà, kí egungun máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹran ara.

Mo máa ń bá ara mi níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, jìnnà sí ibi tí mo ti wọlé. Ẹ padà sí ìpele kejì.

Mo fẹ́ lọ nìkan, ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Ó yé mi. Ẹ má ṣe é.

## Bí nǹkan bá dojú rú lórí omi

Afẹ́fẹ́ kú, wing bẹ́, tàbí ó ti rẹ̀ yín. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn: ẹ má fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀ láti wẹ̀ padà. Bọ́ọ̀dù lítà 120 á léfòó bí ojúoró, àwọn tó ń wá yín á sì tètè rí i ju orí yín lọ.

1. Ẹ gun bọ́ọ̀dù, ẹ jókòó, ẹ mí.
2. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé yín síhà ilẹ̀, ẹ di ṣónṣó wing mú kó máa fà yín lọ jẹ́jẹ́.
3. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí wing dojú dé sórí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, ẹ dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ wa omi. Bí wing bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ ká a.
4. Bí ẹ bá ń jìnnà sí ilẹ̀, ẹ ké sí ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ní Britain, ẹ pe 999, ẹ ní Coastguard (àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun) lẹ fẹ́. Ní Èkó, 112 tàbí 767. Fóònù gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tí omi kò lè wọ̀, lára yín, kì í ṣe nínú mọ́tò.

## Bí afẹ́fẹ́ kò bá sí, tàbí tí owó kò bá tó

Wing lórí pátákó onítáyà ní pápá tó tẹ́jú, pẹ̀lú akoto àti ìdáàbò orúnkún, máa ń kọ́ ọwọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń fi ọkọ̀ ojú omi fa èèyàn lórí foil láìsí wing: ogún ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ á kọ́ ẹsẹ̀ yín ní ohun tí ọjọ́ mẹ́ta lè má kọ́ ọ. eFoil oníbátìrì náà ń ṣe é, bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń fi háyà. Tó bá jẹ́ owó ni ìṣòro, ẹ̀yin méjì ẹ da owó pọ̀ ra ẹyọ kan. Ẹnì kan ń lọ, ẹnì kejì ń ṣọ́ ọ; ẹ ti rí ẹni tó ń ṣọ́ yín láìsan kọ́bọ̀.

## Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé

Mi ò ní tàn yín. Òkun Lekki àti Ẹlẹ́kọ̀ kò yẹ fún kíkọ́ ọ. Ìgbì ń fọ́ ní etí ilẹ̀ gan-an, ilẹ̀ ń jìn lójijì, ìṣàn omi sì ń gbé èèyàn lọ síhà ìlà oòrùn. Ẹni tó gbé foil wọ inú ìgbì bẹ́ẹ̀, foil yẹn ló máa kọ́kọ́ bá a padà. Tarkwa Bay dákẹ́ ju ìyẹn lọ nítorí ògiri òkúta tó dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá wà nítòsí, ẹ má sún mọ́ ọn.

Ọ̀sà tẹ́jú, ó sì wuni. Àmọ́ lásìkò òjò, koríko ojú omi máa ń bò ó, ẹyọ kan tó bá kọ́ òpó foil á dá yín dúró bí búrékì. Àwọ̀n apẹja ńkọ́? Igi tó rì? Ní Nokoué, ọ̀sà ìhà Kùtọnu, lẹ́bàá Ganvié, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ láti fi sin ẹja, tí wọ́n ń pè ní acadja, ti kún ibẹ̀ rí, ó ṣì lè kù lábẹ́ omi, omi náà ò sì jìn. Ẹ fi àgbà apẹja kan ṣe ọ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kó fi ọkọ̀ rẹ̀ fi ibi tó mọ́ hàn yín kí ẹ tó gbé foil sómi. Ẹ kí i dáadáa, ẹ má kàn dé kí ẹ máa nàka. Ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ òkun sábà máa ń le díẹ̀, kò sì le tó ti England, nítorí náà wing 6 m² àti ìyẹ́ foil tó fẹ̀ ló bá a mu.

## Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan omi

- Afẹ́fẹ́ ò ti ẹ̀yìn mi wá
- Omi ń kún, ó sì ju mítà kan lọ
- Wing le bí gángan
- Sukúrúù foil le
- Okùn méjèèjì wà lára mi, kò sì sán
- Akoto, ẹ̀wù, bàtà
- Fóònù wà nínú àpò rẹ̀
- Ẹnì kan mọ ibi tí mo wà àti aago tí màá padà

## Lẹ́yìn tí ẹ bá jáde

Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tú sukúrúù foil ní ọjọ́ náà gan-an, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Omi òkun láàárín òpó aluminium àti sukúrúù máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo fi tèmi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà òtútù. Mekáníìkì tó ń tún mọ́tò mi ṣe ló bá mi fi ẹ̀rọ lu sukúrúù méjì jáde, ó sì bi mí, bó ṣe ń nu ọwọ́ rẹ̀, pé apá ibo lára mọ́tò nìyí.